Orúkọ Tí A Dì Pọ̀ Bí Ìdì Igi

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìdáṣẹn, Ọ̀wọ̀

Ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rí nínú ìwé ìròyìn tí a sì ń ṣí ojú ewé rẹ̀ kọjá, nítorí pé ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn amòfin nìkan. Ohun náà ni ọ̀nà tí àwọn ilé aṣòfin wa ń gbà fi ọwọ́ sí orúkọ àwọn tí olórí ìjọba yàn láti bá a ṣiṣẹ́: àwọn mínísítà ní Àbújá, àwọn kọmíṣánnà ní Àkúrẹ́, àwọn olórí ọmọ ogun, àti àwọn tí ń ṣètò ìdìbò. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá kó orúkọ wọn wá ní àgbájọ, ṣé ní àgbájọ náà ni ó yẹ kí a gbà wọ́n?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé kí ni ó kan Ìdáṣẹn nínú èyí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu, ọdún 2022, àwọn oníbọn wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti St. Francis ní ìlú Ọ̀wọ̀ yìí, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40 lórí àdúrà. A kò wá tú egbò náà wò níhìn-ín. Àwọn tí ó ni òkú wà láàrin wa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ ti mọ̀ pé ẹni tí a fi ṣe mínísítà ètò ààbò, àti ẹni tí a fi sórí àwọn ọmọ ogun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Àbújá nìkan. Irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ kò dé ipò wọn bí kò ṣe pé ilé aṣòfin kan gbọ́ orúkọ wọn, tí ó sì wí pé ó dára. Bí a ti ṣe gbọ́ orúkọ náà, yálà pẹ̀lú etí tí ó ṣí ni tàbí pẹ̀lú etí tí ó ti rẹ̀, ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òfin. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní abala 147, sọ pé Ààrẹ ni yóò yan mínísítà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yàn kò ní di mínísítà títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà yóò fi fọwọ́ sí i. Ó tún pàṣẹ pé, ó kéré tán, ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kan gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Abala 192 sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa gómìnà àti àwọn kọmíṣánnà rẹ̀, níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹ kíyè sí bí àwọn tí ó kọ òfin náà ti fi ẹnu sọ ọ́: ìyànsípò ẹnikẹ́ni ni wọ́n wí. Wọn kò wí ìwé orúkọ, wọn kò sì wí àgbájọ. Ẹyọ ènìyàn kan ni ó wà lójú wọn, tí ó dúró níwájú Ilé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà fi fèrèsé kan sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ó ní bí ọjọ́ iṣẹ́ 21 bá kọjá láti ìgbà tí Ilé ti gba orúkọ, tí Ilé kò sì fèsì, a ó kà á sí pé a ti yan ẹni náà. Nítorí náà, bí Ilé bá sùn, ẹni náà ti wọlé. A tún fi ohun mìíràn kún un ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, nígbà tí a bu ọwọ́ lu àtúnṣe òfin pé Ààrẹ àti gómìnà gbọ́dọ̀ fi orúkọ ránṣẹ́ láàrin ọjọ́ 60 tí wọ́n bá ti búra. Ẹni tí ó bá rántí ọdún 2015 yóò mọ ìdí rẹ̀: ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ni Ààrẹ Muhammadu Buhari búra, ọjọ́ 30 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ni orúkọ àkọ́kọ́ tó dé Ilé Àgbà, ọjọ́ 11 oṣù Bélú sì ni àwọn mínísítà tó búra. Àtúnṣe náà dára. Síbẹ̀, ohun tí ó ń lé olórí ìjọba kí ó yára ni. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó sọ fún Ilé pé kí ó fara balẹ̀.

Ìfọwọ́sí yìí kì í sì ṣe ohun àjèjì sí àwa ará ìhín. Ní ìlú Ọ̀wọ̀ yìí ni a ti gbé ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group jáde ní gbangba ní ọjọ́ 28 oṣù Igbe, ọdún 1951. Àwọn bàbá wa tí wọ́n jókòó níbẹ̀, tí Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin ọmọ Ọ̀wọ̀ wà lára wọn, ń múra de òfin tuntun ti ọdún náà, èyí tí a ń fi orúkọ Gómìnà Macpherson pè. Lábẹ́ òfin yẹn, mínísítà mẹ́rin ni ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní nínú ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, Gómìnà òyìnbó kò sì lè fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀ bí ilé aṣòfin ẹkùn rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Ti Ìwọ̀-Oòrùn ni Ọọ̀ni Adéṣọjí Adérẹ̀mí, Bọ̀dé Thomas, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá àti Arthur Prest. Orúkọ mẹ́rin péré ni, kò sì sí ẹni tí ó wà nínú ilé náà tí kò mọ ilé bàbá ẹni kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, a tẹ̀lé ìṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí olórí ìjọba ń yan àwọn mínísítà rẹ̀ láìbi ilé léèrè. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 ni ó mú ìfọwọ́sí padà wá, Amẹ́ríkà ni a sì ti rí àwòkọ́ṣe rẹ̀. Lábẹ́ òfin yẹn ni Ajásin di gómìnà àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Òndó. Ọmọ Ọ̀wọ̀ kejì, Rótìmí Akérédolú, jẹ gómìnà láti 2017 títí ó fi kú ní ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀pẹ̀, ọdún 2023. A ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn ará òkèèrè ni a ń bá wí. Ọmọ wa méjì ti jókòó sí ibi tí a ti ń kọ ìwé orúkọ.

Ẹ wá jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: báwo ni àwa tìkára wa ti ń fọwọ́ sí ènìyàn? Ẹ̀yin ìjòyè mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Bí oyè bá ṣí sílẹ̀, ìdílé tí ó kàn ni yóò fa ọmọ kalẹ̀. Àwọn àgbà yóò wádìí rẹ̀: ṣé ọmọ ilé ni lóòótọ́, ṣé kò jalè rí, ṣé ó lè bá ènìyàn gbé, ṣé kò jẹ gbèsè tí yóò kó ìtìjú bá oyè? Ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn yóò sọ ọ́. Bí ó tilẹ̀ ṣe pé ènìyàn mẹ́ta ni Ọba fẹ́ fi jẹ oyè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà, ewé akòko ẹni kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, a ó sì pe orúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀ kí a tó fi ewé náà sí i lórí. A kò rí i rí kí a na ewé kan ṣoṣo la orí ènìyàn mẹ́ta já. Láàrin ìgbà tí a bá pe orúkọ àti ìgbà tí ewé bá kan orí, ààyè kékeré kan wà níbẹ̀. Ààyè náà kò ju kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni ẹni tí inú ń bí lè dìde sọ pé, “Ẹ dúró ná.” Ààyè yìí ni ìdìpọ̀ ń gbà lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo bí ó ti ń rí ní Àbújá. Ní 2019, orúkọ 43 ni ó dé Ilé Àgbà ní ọjọ́ 23 oṣù Agẹmọ. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 30 oṣù kan náà, Ilé ti gba gbogbo wọn láìku ẹnì kan. Ní 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi orúkọ 28 ránṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Agẹmọ, nígbà tí ọjọ́ 60 inú òfin fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ó sì fi àwọn mìíràn tẹ̀lé e títí wọ́n fi di 48. Ọjọ́ 31 oṣù náà ni Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Ògún ni ó fi ìró ohùn gba 45 nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn ṣe ìṣirò. Àwọn sẹ́nétọ̀ jẹ́ 109. Bí ìdajì wọn bá fẹ́ bi ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ kan náà kò tó fún ìbéèrè nìkan, ká má tilẹ̀ tíì wí ìdáhùn. Nítorí náà, àṣà kan wá sí Ilé náà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti mọ̀ báyìí: “Tẹrí ba, kí o sì máa lọ.” Ẹni tí ó bá ti jẹ́ aṣòfin rí kì í dáhùn ìbéèrè, yóò dúró, wọn yóò yìn ín, yóò tẹrí ba, yóò sì jáde. Nígbà tí ó yá, a na àṣà náà dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn tí kò ṣe aṣòfin rí. Àwa kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó tẹrí ba ni aláìyẹ. Ọ̀pọ̀ wọn yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ gan-an ni ìbéèrè kì í bà lẹ́rù, ìdọ̀bálẹ̀ kò sì tíì jẹ́ ẹ̀rí ìwà níbikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó jí ewúrẹ́ náà mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀.

Ohun kejì tilẹ̀ burú ju èyí lọ, a kì í sì í sábà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóṣèlú. A ń mú orúkọ wá láìsọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi lé olórúkọ lọ́wọ́. Ní 2019, ọjọ́ tí àwọn mínísítà búra, ọjọ́ 21 oṣù Ògún, ni wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Ní 2023, ọjọ́ 16 oṣù Ògún ni a kéde iṣẹ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí Ilé ti gbà wọ́n tán. Ọmọ ẹkùn Àríwá Òndó tiwa, Olúbùnmi Túnjí-Òjó, wà nínú wọn, a sì fi í ṣe mínísítà ọ̀ràn abẹ́lé, tí ilé ẹ̀wọ̀n àti ẹnu ibodè wà ní abẹ́ rẹ̀. Inú wa dùn pé ẹkùn wa rí ipò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó dúró níwájú Ilé, kò sí sẹ́nétọ̀ kan tí òfin jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀wọ̀n àti ibodè ni ó yẹ kí òun bi í. Bí a bá fẹ́ gba ènìyàn sí oko, a ń bi í bóyá ebè ni ó mọ̀ ọ́n kọ tàbí ọ̀pẹ ni ó mọ̀ ọ́n gùn. Ta ni yóò gba alágbàṣe tán, tí yóò sì wá gbé e gun orí ọ̀pẹ ní ọ̀sẹ̀ kejì?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa Ilé náà, nítorí kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí orúkọ bá dá wá, ohùn Ilé a máa yàtọ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2016, Ilé kọ̀ láti fọwọ́ sí Ibrahim Magu gẹ́gẹ́ bí olórí àjọ EFCC, nítorí ìròyìn tí àwọn ọlọ́pàá inú kọ nípa rẹ̀. A tún mú orúkọ rẹ̀ padà, Ilé sì tún kọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2017. Òótọ́ ni pé ó ṣì wà lórí àga náà gẹ́gẹ́ bí adelé títí di oṣù Agẹmọ ọdún 2020, ọ̀rọ̀ adelé yìí sì yẹ kí a fi ọjọ́ mìíràn jókòó tì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2025 ni Ọ̀gágun Christopher Musa, tí ó ti ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun tẹ́lẹ̀, dúró níwájú Ilé fún ipò mínísítà ètò ààbò. Orúkọ kan, iṣẹ́ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn kan ní kí ó tẹrí ba kí ó máa lọ. Àwọn yòókù fárígá, wọ́n ní àwọn ènìyàn ń kú ní abúlé, ìbéèrè wà. Ó dáhùn fún nǹkan bí wákàtí márùn-ún kí wọ́n tó gbà á. Àwa tí a sin òkú ní Ọ̀wọ̀ kò lè gbọ́ ìròyìn wákàtí márùn-ún náà kí a má dúpẹ́, a kò sì lè ṣe kí a má bi ara wa pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ ohun tí à ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí a fẹ́ kí ẹ gbé délé nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọdún 2021. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, Ààrẹ fi orúkọ Lauretta Onochie ránṣẹ́ pẹ̀lú ti àwọn mìíràn, kí wọ́n di kọmíṣánnà nínú àjọ INEC tí ń ṣètò ìdìbò. Olùrànlọ́wọ́ Ààrẹ fúnra rẹ̀ ni obìnrin náà, ó ń sọ̀rọ̀ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹgbẹ́ aráàlú kọ ìwé ẹ̀sùn láti ibi púpọ̀, pé ẹni tí ó ń jà fún ẹgbẹ́ òṣèlú kan kò lè ka ìbò fún gbogbo ẹgbẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ náà fi wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Agẹmọ ọdún 2021, Ilé kọ orúkọ rẹ̀. Ìdí tí ó sọ ni pé ìpínlẹ̀ Délítà tí ó ti wá ti ní ọmọ kan nínú àjọ náà. Nínú ìjókòó kan náà, ó fọwọ́ sí àwọn mìíràn tí a jọ yẹ̀ wò. Ẹ rí i? Ìdì igi dé, a tú okùn rẹ̀, a yọ ọ̀kan, ilé kò wó. Àwọn igi yòókù sì dáná.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn mẹ́ta tí kò wọlé ní 2023, ọ̀kan láti Kàdúná, ọ̀kan láti Délítà, ọ̀kan láti Tàràbà. A ní ìròyìn ètò ààbò lórí wọn ṣì kù. Ó fi hàn pé Ilé lè yọ orúkọ sílẹ̀ bí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n a kò ka ìròyìn náà sí etígbọ̀ọ́ ará ìlú, àwọn mẹ́ta náà kò sì rí ibi kan tí wọn yóò ti dáhùn rẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Ìyẹn kò dára fún wọn, kò sì dára fún wa. Orúkọ ènìyàn kò yẹ kó wọlé láìsí ìbéèrè, kò sì yẹ kó ṣubú láìsí àlàyé.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yìí wí fún wa, nígbà tí a ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, pé bí a bá ń mú orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ṣoṣo tí inú ń bí lè dá ìjọba dúró. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, Amẹ́ríkà sì ni a ó fi dáhùn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni a ti yá ìwà yìí. Ipò tí ó ju 1,200 lọ ni ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ Ilé Àgbà wọn kọjá, yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀gá ológun. Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń kó orúkọ àwọn ọ̀gá ológun tí a gbé ga jọ pọ̀, tí Ilé a sì gbà wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan bí kò bá sí ẹni tí ó lòdì sí i. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2023, sẹ́nétọ̀ kan láti Alabama, Tommy Tuberville, ní òun lòdì sí i. Kì í ṣe pé ó rí àbùkù lára àwọn ọ̀gá náà. Ìlànà kan tí ilé iṣẹ́ ológun ṣe nípa oyún ṣíṣẹ́ ni ó ń bí i nínú. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀gá ológun tí ó ju 400 lọ ni ó ti há sẹ́nu ọ̀nà. Oṣù Ọ̀pẹ̀ ni ó tó jọ̀wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, Ilé sì gbà wọ́n ní àgbájọ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni a ti rí èyí. Ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ nínú Ilé náà sọ pé àwọn alátakò ń fa ẹsẹ̀ lórí gbogbo orúkọ tí Ààrẹ Trump mú wá, ó sì yí ìlànà padà ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀, kí a lè máa dìbò kan ṣoṣo lórí ìdì orúkọ, yálà ẹnì kan lòdì sí i tàbí kò lòdì. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ènìyàn 48 wọlé pẹ̀lú ìbò kan, 51 sí 47. Ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà, ènìyàn 107 wọlé, ìbò kan náà, 51 sí 47. Wọ́n yọ àwọn adájọ́ àti àwọn olórí ilé iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀; a gbọ́dọ̀ sọ èyí fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ìbò náà lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ènìyàn 48 àti ènìyàn 107, tí wọ́n jẹ́ 155, kò ha sí ẹyọ kan tí àwọn 51 kọ̀, tàbí ẹyọ kan tí àwọn 47 fẹ́ràn? Dájúdájú wọ́n wà. Ìbò náà kò sọ ohun kan nípa ẹnì kankan nínú wọn. Ó sọ iye àwọn tí ó wà ní ẹgbẹ́ ọ̀tún àti iye àwọn tí ó wà ní ẹgbẹ́ òsì, ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ kí wọ́n tó jókòó.

Nítorí náà àṣìṣe méjì ni ó wà, a kò sì fẹ́ ṣe èyíkéyìí. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ lè so 400 mọ́ òpó nítorí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n, àwọn 51 kò sì gbọ́dọ̀ lè fi 107 bo àbùkù ẹnì kan mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kòkó lágbègbè yìí mọ ọ̀nà àárín. Nígbà tí ẹ bá kó kòkó dé ibi tí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í tú gbogbo àpò dà sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilẹ̀ yóò ṣú. Wọn a fi irin gún àpò, wọn a mú èso jáde, wọn a fi ọ̀bẹ là á, wọn a wò ó bóyá ó bu tàbí kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá rí ohun tí kò dára, wọn a ya àpò yẹn sọ́tọ̀, èyí tí ó mọ́ a sì gba òǹtẹ̀ rẹ̀. Wọn kì í wí pé, nítorí pé àpò ogójì dára, kí èyí tí ó bu máa bá wọn lọ sínú ọkọ̀. Wọn kì í sì í wí pé, nítorí àpò kan, kí ogójì padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti Àkúrẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ohùn wa ti lè dé kíákíá. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Òndó ní ọmọ 26. Nínú wọn, Ọ̀wọ̀ ní méjì, Ọ̀sẹ́ ní ẹyọ kan. Àwọn mẹ́ta péré. Bí gómìnà bá mú orúkọ àwọn kọmíṣánnà wá, tí ẹni tí a fẹ́ fi bojú tó ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú wọn, tí àwọn ará Ìfọ́n tàbí ará Ọ̀wọ̀ sì mọ ohun kan nípa rẹ̀ tí kò dára, kí ni àwọn mẹ́ta wa lè ṣe bí a bá gba gbogbo orúkọ náà pẹ̀lú “bẹ́ẹ̀ ni” kan? Bí wọ́n bá wí pé “bẹ́ẹ̀ kọ́,” wọ́n ti kọ àwọn tí ó dára pẹ̀lú, a ó sì pè wọ́n ní ọ̀tá ìjọba. Bí wọ́n bá wí pé “bẹ́ẹ̀ ni,” wọ́n ti jẹ́rìí sí ohun tí wọn kò gbàgbọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, wọn ì bá gba mẹ́tàlá, kí wọ́n sì bi ẹnì kan ní ìbéèrè. Ohùn mẹ́ta lè má borí ohùn 23, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a bi ní gbangba, tí a sì kọ sínú ìwé Ilé, kò nílò kí ó borí kí ó tó ṣiṣẹ́.

A ní ìdí tí a fi ń sọ èyí tí kì í ṣe inú ìwé ni a ti kà á. Ní àwọn ọdún kan sẹ́yìn, àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ yìí kọ ìwé sí ilé aṣòfin kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, nípa ọkùnrin kan tí a fẹ́ fi sí ipò. Kì í ṣe ọ̀tá wa. A mọ iye owó àdúgbò tí ó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kò rí ìṣirò rẹ̀, a sì fi ìwé ẹ̀rí sínú àpòòwé. Ọ̀kan nínú wa gbé e lọ fúnra rẹ̀, ó sun ibẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ní òwúrọ̀, akọ̀wé náà, tí ó jẹ́ ọmọlúwàbí, gba ìwé náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì wí pé, “Bàbá, ẹ má bínú, a ti gbà wọ́n lánàá. Gbogbo wọn pọ̀ ni.” Ó kà á fún un pé ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàrin ìgbà tí orúkọ dé àti ìgbà tí a gbà wọ́n. Bàbá wa náà gbé ìwé rẹ̀ padà wá sílé. Kò sí ẹni tí yóò kà á mọ́. Ọkùnrin náà lè jẹ́ aláìlẹ́bi. Bóyá ó ní ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó bi í, nítorí náà títí di òní àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ń fojú olè wò ó, òun náà ń fojú ọ̀tá wò wọ́n.

Ìwé tí ẹgbẹ́ fẹ́ kọ kò gùn. A fẹ́ bẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àkúrẹ́ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà Ilé wọn, nítorí kò gba àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀, pé kí a máa tẹ orúkọ àwọn tí gómìnà yàn jáde fún gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú iṣẹ́ tí a fẹ́ fi lé ẹni kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá sì kọjá kí Ilé tó gbọ́ wọn. Ọjọ́ 21 ni òfin fún Ilé. Mẹ́wàá kò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí àkókò bá há, kí Ilé kó wọn jọ, àwa kò kọ ìyẹn; ṣùgbọ́n bí ọmọ Ilé mẹ́ta péré bá ní kí a yọ orúkọ kan sọ́tọ̀, kí a yọ ọ́, kí a bi í ní ìbéèrè rẹ̀, kí a sì dìbò lórí rẹ̀ nìkan láàrin ọjọ́ márùn-ún, kí àwọn yòókù máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Mẹ́ta ni a wí, ẹ kò sì nílò kí a sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ọjọ́ márùn-ún sì ni a wí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìbínú ara rẹ̀ há ènìyàn mọ́ ẹnu ọ̀nà bí ti Alabama.

Àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn yóò máa fi ìlara kọ ìwé ẹ̀sùn. Wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀. A ti ń kọ irú rẹ̀ nípa oyè láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹ kò sì tìtorí ìlara dẹ́kun wíwádìí ọmọ oyè. Kí ẹni tí ó bá kọ ìwé fi orúkọ rẹ̀ sí i, kí ó sì wá dúró tì í. A ó bẹ Ilé pé kí ó má ka ìwé tí kò ní olúwa.

A ti kọ ìwé náà tán, ojú ewé méjì ni. Ó wà lórí tábìlì akọ̀wé ní ẹnu ọ̀nà. A fẹ́ kí ẹ̀yin ìjòyè kọ́kọ́ fi ọwọ́ yín sí i bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹni kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àtúnṣe, kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, a ó kà á ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ kí a tó gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Àwọn ará Ọ̀sẹ́ yóò mú ẹ̀dà tiwọn lọ sílé lálẹ́ òní.